Èéfín Ìsàlẹ̀ Òkè

Bí mo bá ti gbóòórùn igi àyìn tútù nínú iná, ọkàn mi a kúrò níbi tí mo jókòó sí, a lọ sí ìsàlẹ̀ òkè Ọ̀kà, nídìí àpáta pẹlẹbẹ kan tí ojú rẹ̀ rí págunpàgun bí ojú ẹni tí ìgbóná ti bá jà. Igi tútù a máa sunkún kí ó tó jó. Èéfín rẹ̀ nípọn, ó funfun, ó sì ń rùn bí àgbo tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò. Àwọn ọmọ àbúrò mi rò pé èéfín ló ń mú kí n máa nu ojú. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Èéfín ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ti òní.

Ìwọ náà kò lè gbàgbé ọdún lùkúlùkú. Orúkọ àrùn adìyẹ la fún un, nítorí bí adìyẹ ṣe ń tòògbé kó tó ṣubú ni àwọn èèyàn ń ṣe. Títí dòní ni àwọn àgbà ń sọ pé àrùn náà kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Èmi wà níbẹ̀. Mo sì rí i pé ó mọ̀ wọ́n yàtọ̀ dáadáa.

Ìkàrẹ́ ni mo wà nígbà tó dé. Mò ń ru ẹrù fún oníṣòwò iyọ̀ àti aṣọ kan, Mùsùlùmí tó lójú àánú, àmọ́ tó fẹ́ràn kí ẹrù rẹ̀ dé kó tó béèrè ẹni tó rù ú. Mo ti lọ sí ilé ìwé àwọn oníjọ fún ìgbà díẹ̀, mo lè kọ orúkọ mi, mo sì lè ka ohun tó wà lára àpótí ọṣẹ. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe fi mí ṣíwájú àwọn alárù yòókù, bí ẹni pé ìwé ni yóò fi ọ̀nà Ọ̀wọ̀ hàn wá. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ yẹn náà ni àrùn gbà wọ Ìkàrẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí ọ̀kan nínú wa ló gùn wá, tí a sì rò pé iyọ̀ ló wúwo.

Ọ̀gá mi ṣàìsàn. Kànga wà nínú ọgbà rẹ̀, àwọn ìyàwó rẹ̀ ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún un láàárọ̀, wọ́n ń se omi ọbẹ̀ adìyẹ fún un lálẹ́, wọ́n fi aṣọ lé aṣọ bò ó títí ó fi làágùn, ó sì dìde. Àwa alárù ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé, bí ẹja inú agbọ̀n. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ lápá ọ̀tún, ẹni tó wà lápá òsì a gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìjọba wá pàṣẹ pé kí wọ́n ti ọjà pa, kí èèyàn má pé jọ. Ẹni tó ní iṣu lábà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọjà dá. Àwa tí à ń jẹ ohun tí a bá rí lóòjọ́ mọ̀ ọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí wọ́n ti gbé àwọn kan nínú wa jáde tí wọn kò padà wọlé, ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé, “Ẹ máa lọ sílé yín. Ọlọ́run á ṣọ́ yín.” Mo dúpẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé mo dúpẹ́.

Bí mo ṣe rìn láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, kí n má purọ́, ẹ̀rín ni yóò pa ọ́. Mo so àlùbọ́sà mọ́ ọrùn, mo fi kàfúrà tí wọ́n fi ń lé kòkòrò aṣọ sí ihò imú, mò ń jẹ orógbó bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Mo ka ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nínú àdúrà àwọn oníjọ, mo fi bísímílà tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá mi lé e, kí ẹnì kan lókè ọ̀run má baà sọ pé òun kò gbọ́. Bí mo bá gbọ́ ikọ́ lókèèrè, inú igbó ni mò ń bẹ́ sí. Nígbà kan tí mo yọjú padà, ewúrẹ́ ló wúkọ́. Ó wò mí, mo wò ó, kálukú bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo dé ìdí òkè, màrìwò ti wà lójú ọ̀nà. Àwọn èèyàn mi ṣì ń gbé lórí òkè nígbà náà, àwọn àgbà sì ti ṣòfin. Ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé kò gbọdọ̀ gòkè. Inú ahéré tó wà nísàlẹ̀ ni yóò máa gbé títí àrùn yóò fi rọlẹ̀. Ẹbí rẹ̀ yóò máa gbé oúnjẹ wá sórí àpáta pẹlẹbẹ tó wà ní agbedeméjì, wọn a gòkè padà, òun a sì wá gbé e. Èéfín ni ìkíni. Bó bá ti jí, kó dáná. Bí àwọn ará òkè bá rí èéfín rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ó wà láàyè, oúnjẹ a wá. Bí wọn kò bá rí èéfín, ó ti kú nìyẹn, wọn a sunkún rẹ̀ látòkè. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó, nítorí ẹni tó bá lọ wò ó, òun náà kò ní gòkè mọ́.

Òfin tó dára ni. Mo yìn ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mi ò rò ó débi pé ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ débi tí kò lè dáná mọ́ ni ẹni tó nílò oúnjẹ gbígbóná jù, òun gan-an ni wọn kò sì ní gbé e fún.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré mi, ahéré àwọn àjèjì tò lọ sábẹ́ ọ̀pẹ. Wọ́n ń pa èkùrọ́, wọ́n ń bá àwọn ará òkè ro oko. Àjèjì tí mò ń wí yìí, kì í ṣe ará ọ̀nà jíjìn. Apá Òkè-Àgbè ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, Àkókó bíi tiwa, ibi tí ojú lè tó bí kò bá sí òkè. Ṣùgbọ́n èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa, wọn kò sì lẹ́bí lórí òkè. Bí wọ́n dáná, bí wọn kò dáná, kò sẹ́ni tó ń wo èéfín wọn.

Ìyá àgbà kan ló wà nínú ahéré tó sún mọ́ tèmi jù. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí àrùn náà kọ́kọ́ mú lọ nísàlẹ̀ níbẹ̀. Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, gígé ló ń gé e bí ẹni ń gé ilá. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó ń bọ̀ wá kí mi, mo sì pariwo, “Ìyá, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn!” Ó dúró. Ó wo àlùbọ́sà ọrùn mi, ó wo imú mi tí kàfúrà dí, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ, ọbẹ̀ lo fẹ́ fi ara rẹ sè?”

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ nìkan la ń jù síra wa. Mo ti rò pé ikú ni mò ń bẹ̀rù. Èyí tó ń jẹ mí gan-an ni pé mò ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń lọ lórí òkè, tí mi ò sì sí níbẹ̀. Mò ń gbọ́ ọmọ odó nínú odó nírọ̀lẹ́. Mò ń gbọ́ ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Ẹ̀rín kan a já bọ́ látòkè, mi ò ní mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, èmi náà a sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé mo yara mi sọ́tọ̀. Láàárọ̀, ìyá mi a dúró sétí àpáta, a ké pè mí pé, “Ọmọ mi, ṣé o jí?” Mo lè dáhùn, àmọ́ mo fẹ́ràn kí n fi igi sí iná, kí n sì máa wo èéfín náà bó ṣe ń gòkè lọ bá a. Ó ń lọ síbi tí wọn kò gbà kí n lọ.

Àrùn náà padà wá bá mi. Ó ti ń tẹ̀ lé mi láti Ìkàrẹ́, kò kàn fẹ́ yára ni. Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù bí ẹni ń gún iyán, egungun mi rọ̀, ara mi gbóná, òtútù sì ń mú mi. Iná kú. Mo rí i bó ṣe ń kú, ó wà níwájú mi báyìí, mi ò sì lè na ọwọ́ sí i.

Lówùúrọ̀, ìyá mi pè, kò rí èéfín. Ó tún pè. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ kò tíì gbọ́ ẹkún ara rẹ rí, nítorí náà jẹ́ kí n sọ fún ọ: oríire ni fún òkú pé kò gbọ́ nǹkan kan. “Ọmọ mi tó ń gbọ́ràn!” Èmi tí ìyá mi máa ń sọ pé etí mi kò yàtọ̀ sí etí ìkòkò! “Akíkanjú ọmọ!” Mo fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Mo gbìyànjú láti ké pé èmi rèé, ohùn mi jáde bí ti òròmọdìyẹ. Mo wá gbọ́ àbúrò bàbá mi tó ń pàṣẹ fún wọn pé, “Ẹ jẹ́ kó sùn o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀.” Mo ní nínú ara mi pé, bàbá, mi ò tíì sùn. Omijé bọ́ lójú mi sínú etí. Kì í ṣe ikú ni mò ń sunkún. Wọ́n ti ń lọ ni. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àpáta.

Ibẹ̀ ni mo wà tí òjìji fi bo ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà ni. Ó gbé ẹ̀yinná sínú àpáàdì, ó fi eérú bò ó kó má baà kú.

“O kú?”

“Mi ò tíì kú, Ìyá.”

“Kí ni wọ́n ń sunkún sí?”

“Èéfín.”

Ó yí ojú wo òkè, ó pòṣé, ó sọ nǹkan kan lédè rẹ̀ tí inú mi dùn pé mi ò gbọ́. Ó da ẹ̀yinná náà síwájú mi, ó fẹ́ ẹ, iná mú. Mo nawọ́ sí igi gbígbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó mi orí. “Gbígbẹ ò ní èéfín. Tútù ni wọ́n máa rí.” Ó jáde lọ ṣẹ́ ẹ̀ka àyìn, ó sì kó o lé iná. Èéfín kún inú ahéré, ó gba àárín koríko òrùlé jáde, funfun, ó nípọn bí òwú.

Ẹkún òkè dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan wá figbe ta, “Òkú ń dáná o!” Mo gbọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń tú ká, tí igbá kan ń yí gbirigbiri lórí àpáta. Láàárín rẹ̀ ni ohùn ìyá mi ti là á kọjá: “Ẹ dákẹ́ fún mi! Òkú wo ló ń dáná láàárọ̀? Ebi ló ń pa ọmọ mi!”

Oúnjẹ dé. Ìyá àgbà ló lọ gbé e lórí àpáta, òun ló po ẹ̀kọ náà fún mi, tó fi ewé tó mọ̀ se omi tí mo mu, kíkorò rẹ̀ kò ṣeé wí. Kò fẹ́ bá mi jẹ nínú oúnjẹ náà. Ó ní wọn kò gbé e fún òun. Nígbà tí ara mi yá díẹ̀, mo wọ́ dé ìta, mo sì ké sí àwọn ará òkè pé kí wọ́n fi ti ẹnì kan kún un. Àbúrò bàbá mi ló dáhùn.

“Ta ni? Ọmọ ilé wo?”

Mo wo ìyá àgbà. Mi ò mọ orúkọ ìlú rẹ̀ pè dáadáa.

“Oúnjẹ ò tó,” ni àbúrò bàbá mi wí. “Kálukú ń gbé ti ẹbí rẹ̀.”

“Ìyá mi ni!” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pariwo. Ó ti jáde kí n tó rò ó.

 Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló wá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn tó máa ń lò kó tó mú ọmọ orógùn. “Ìyá rẹ wo? Èmi tí mo dúró síbí yìí, àbúrò rẹ ni mí?”

“Ẹ̀yin lẹ bí mi. Òun ló dáná ọjọ́ tí ẹ̀ ń sunkún.”

 “Òun ló dá a?”

“Òun ni, Ìyá.”

 Lọ́jọ́ kejì, igbá méjì ló wà lórí àpáta. Ìyá mi sì dúró sétí òkè, ó pè mí, mo fi igi sí iná. Ó tún gbé ohùn sókè pé, “Ìyá ọmọ mi, ẹ jí i re o!” Ìyá àgbà wò mí bí ẹni pé mo jí nǹkan fún un. Ó lọ sínú ahéré rẹ̀. Kò pẹ́, èéfín rẹ̀ jáde, ó gòkè.

Kí o má rò pé ìtàn ayọ̀ ni. Igbá méjì ni ìyá mi lè gbé. Àwọn ahéré tó tò lọ sábẹ́ ọ̀pẹ, a ń fi díẹ̀ nínú tiwa ránṣẹ́ sí wọn, àmọ́ àbọ̀ igbá kì í yó agbo. Ìyá àgbà a dúró láàárọ̀, a wo òrùlé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. “Tìyẹn ti dákẹ́,” ni yóò wí, yóò sì wọlé. Kò sí igbe kankan látòkè. Àkùkọ ń kọ, àwọn èèyàn ń gún iyán.

Àrùn náà rọlẹ̀. Wọ́n kó màrìwò kúrò, wọ́n fi omi ewé wẹ̀ mí, mo gòkè. Mo bẹ àwọn àgbà pé kí ìyá àgbà bá mi gòkè, wọ́n ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ni. Nígbà tí mo lọ sọ fún un, ó ní, “Ilé mi nìyí. Èkùrọ́ ò lè pa ara rẹ̀.”

Ọyẹ́ mú, ọyẹ́ lọ. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó parí nígbà tí lùkúlùkú tún padà dé, bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Màrìwò tún bọ́ sójú ọ̀nà. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo wà lókè. Èmi àti ìyá mi la jọ ń dúró sétí àpáta láàárọ̀. Mò ń gbé igbá lọ sórí àpáta pẹlẹbẹ, mò ń padà gòkè. Òun a ké pe ìyá ọmọ rẹ̀, èéfín a dáhùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, kò dáhùn.

Ìyá mi pè títí. Àwọn àgbà wá, wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n ní, “Ó ti sùn.” Gbogbo wọn mọ ohun tí àìrí èéfín túmọ̀ sí. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí kò túmọ̀ sí, mo sì fẹ́ pé kí n má mọ̀ ọ́n. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, mi ò ní gòkè mọ́ títí yóò fi parí, bó bá máa parí.  Mo rántí pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo rántí pé oko kan wà tí mi ò tíì ro. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ díẹ̀, bóyá ẹnì kan á ní kí n lọ dùbúlẹ̀. Ìyá mi kò wò mí. Ó wọlé, ó kó ẹ̀yinná sínú àpáàdì, ó fi eérú bò ó, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Bí o bá débẹ̀, igi tútù ni kí o fi sí i.”

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mi ò so àlùbọ́sà mọ́rùn. Kì í ṣe ìgboyà, ọwọ́ mi méjèèjì ló dí. Eérú sì ń dà sí mi lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ó wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń mí bí ẹni ń gun òkè.

“Ìyá, ṣé ẹ ti kú ni?”

Ètè rẹ̀ mira. “Mò ń dúró de iná.”

Mo dá a. Mo ṣẹ́ àyìn tútù lé e. Nígbà tí èéfín gba òrùlé jáde, ohùn ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ látòkè, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ há: “Ìyá ọmọ mi, ẹ jí i re o!” Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Mo po ẹ̀kọ, ó mu díẹ̀. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mò ń dá iná rẹ̀, mo sì ń dá tèmi ní ahéré tí mo ti gbé rí, kí èéfín lè jẹ́ méjì. Nígbà mìíràn òun a sọ̀rọ̀ lédè rẹ̀, mo sì ń dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí ohun tí mi ò gbọ́. Iná ń jó dáadáa lọ́jọ́ tó kú. Ara rẹ̀ gbóná ju bó ṣe yẹ kí ara òkú gbóná, nítorí ó sún mọ́ iná.

Mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí, mo sin ín. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi pè mí, mo fi igi sí iná tèmi. Ó pe ìyá ọmọ rẹ̀. Mo dúró láàárín ahéré méjèèjì. Mo lọ dá iná tirẹ̀ náà. Mo ṣe é lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo tún ṣe é. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. Mo ti gbọ́ bí òkè ṣe ń dákẹ́ nígbà tí òrùlé ìsàlẹ̀ bá dákẹ́, mi ò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ lórí tirẹ̀.

Nígbà tó yá, ojú tì mí pé mò ń mú kí ìyá mi máa kí ahéré òfìfo. Mo jẹ́ kí iná náà kú. Ìyá mi pè lówùúrọ̀. Ó tún pè. Mo jókòó sílẹ̀, mo dì mọ́ orúnkún mi. Òkè dákẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ti rò. Àkùkọ kan kọ.

Lẹ́yìn náà ni ìyá mi figbe ta. Òun nìkan ṣoṣo ni. Kò sẹ́ni tó gbè é. Kò mọ oríkì rẹ̀, kò mọ ìlú rẹ̀, kò sì rí ojú rẹ̀ rí, nítorí náà kò rí nǹkan míì fi sunkún rẹ̀ ju ohun tó mọ̀ lọ. “Ẹni tó dáná fún ọmọ mi! Ẹni tó dáná fún ọmọ mi!” Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn díẹ̀ tó kù lábẹ́ ọ̀pẹ jáde síta, wọ́n dúró, wọ́n ń wo òkè. Mi ò rò pé ẹnì kan ti sunkún ẹni tiwọn látòkè rí.

Lùkúlùkú parí, mo gòkè padà, mo fẹ́yàwó, mo dàgbà. Ọ̀pọ̀ wa ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè báyìí, a ti fi páànù bo ilé, èéfín kì í gba òrùlé jáde mọ́. O lè gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn kí o má mọ̀ bóyá iná rẹ̀ jó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jáde láàárọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá mi, tí mò ń kan ilẹ̀kùn kiri àdúgbò, pàápàá ti opó àti ti àwọn tó wá yá ilé gbé. Àwọn ọmọ àbúrò mi ní òfófó ni. Ìyàwó mi ní ẹ̀kọ ọ̀fẹ́ ni mò ń wá, kò sì purọ́ tán. Àmọ́ bí mo bá kan ilẹ̀kùn tí kò tètè ṣí, ẹsẹ̀ mi a tún rántí pé ó ń dun òun bíi ti àtijọ́. Mo máa ń dúró síbẹ̀ náà. Mo tún máa ń kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.